Ẹnu Méje fún Títì Alábàtà

“Àdúrà yín ti wọlé, Ìyá Ṣọlápé,” ni òpó wí. “Ẹ̀rí yín ni kò tíì wọlé.”

Ìyá Ṣọlápé yíjú sí mi bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ òpó náà ní àfojúdi. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí wọn, mo ń wo oòrùn. Aago mẹ́rin ti kọjá díẹ̀. Bí oòrùn bá wọ̀ lọ́jọ́ náà tí ẹnu ẹlẹ́rìí méje kò tíì pé, wọn yóò pa ìwé Títì Alábàtà dé, kò sì sẹ́ni tó lè ṣí i mọ́ títí ọdún márùn-ún. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo ti ń jókòó nídìí òpó tó ń darí ọkọ̀ lójú títì yìí, tèmi ti àga kan, ìgò omi kan àti àwòrán tí mo fi ọdún mẹ́ta yà. Ẹnu tí mo ti rí gbà kò tíì pé ẹyọ kan.

“Ẹ tún un sọ, mà,” ni mo wí. Òfin kò gbà mí láyè láti sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ya àwòrán títì kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ sí ẹlẹ́rìí lẹ́nu, kò sì gbọdọ̀ jẹ́rìí fúnra rẹ̀.

Ìyá Ṣọlápé gbé ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn sí ọwọ́ kejì, wọ́n tún gèlè wọn ṣe. Aránṣọ ni wọ́n, ṣọ́ọ̀bù wọn kò sì ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí ibi tí a wà. Lọ́dún tó kọjá, nínú òjò, ọkọ̀ ayọ́bọ̀ kan gbá wọn níwájú ṣọ́ọ̀bù náà gan-an. Irin ló wà nínú ẹsẹ̀ òsì wọn báyìí. Bí ẹnikẹ́ni bá wà ní Ìbàdàn tó yẹ kó lè sọ ohun tí òpó fẹ́ gbọ́, àwọn ni.

“Èmi Wúràọlá, ìyá Ṣọlápé,” ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ohùn wọn sì lọ sílẹ̀. “Níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí mi níbẹ̀ ni pé...” Mo rí i tí ètè wọn ń gbọ̀n. “Kò ní ṣẹlẹ̀ sí mi. Kò ní ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí mo bí. Ire ni tiwa o.”

“Àmín, mà,” ni òpó wí, nítorí ọmọ Ìbàdàn ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. “Ẹ̀rí ńkọ́?”

Wọ́n pòṣé, wọ́n wá jókòó sórí àga mi láìbèèrè. Mo gbé ìgò omi fún wọn. Wọ́n bi mí pé ta ló tiẹ̀ jókòó tó ronú irú òfin báyìí, tí wọ́n ní kí olórí pípé máa fẹnu ara rẹ̀ pe ibi sórí ara rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé nígbà èwe bàbá mi, inú ọ́fíìsì ni àwọn ẹnjiníà ti ń ya títì. Wọn a ya afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó ga bí ilé alájà mẹ́ta, wọn a gbé e kalẹ̀ síbi tó wù wọ́n, àwọn èèyàn a sì máa gba abẹ́ rẹ̀ sọdá nígbà tí ewúrẹ́ ń sùn lórí rẹ̀. Ìyẹn ló mú kí wọ́n ṣòfin pé a kò ní fọwọ́ kan títì kankan mọ́ àfi bí méje nínú àwọn tó ń gbé ibẹ̀ bá fẹnu ara wọn sọ ohun tí títì náà lè ṣe fún wọn. Orúkọ, ibi tí ó jẹ́, ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Ìyá Ṣọlápé ní òfin náà dára, pé àwọn tó ṣe é ni kò mọ irú èèyàn tí àwa jẹ́.

Mi ò lè bá wọn jiyàn. Ilé mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni mo ti wọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. Gbogbo wọn ló fún mi ní ìjókòó, gbogbo wọn ló gbà pé títì náà kò dára, tí wọ́n sì rò fún mi bí ayọ́bọ̀ ṣe gbá fìlà lórí ẹnì kan àti bí ó ṣe fa ìró ya nídìí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti dé iwájú òpó, gbogbo ẹ̀ a di ọpẹ́. Bí mo bá ní kí wọ́n sọ ti aládùúgbò wọn, wọn a ní àwọn kì í ṣe ìkà. Ọkùnrin kan tiẹ̀ sọ fún òpó pé òun kò níbi tí òun ń lọ, òun kì í tilẹ̀ sọdá, ojú mi sì ni ó ṣe sọdá lọ ilé rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Lẹ́yìn wa, àwọn ayọ́bọ̀ ń kọjá. Àwọn ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ là ń pè bẹ́ẹ̀, nítorí pé wọn kì í dún. Afẹ́fẹ́ tó bá gbá aṣọ rẹ ni yóò sọ fún ọ pé ọ̀kan ti lọ. Wọn a tẹ̀lé ara wọn lógójì, láàádọ́ta, kò ní ju ìwọ̀n apá kan lọ láàárín èkíní àti èkejì, kí àlàfo kan tó yọ. Àlàfo náà jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án. Òpó ló ń sọ fún wọn bí wọn yóò ṣe sáré tó, òpó kò sì mọ̀ ju ohun tí a bá sọ fún un lọ. Lóòótọ́, wọ́n ní ojú, wọ́n sì máa ń tẹ bíréèkì bí wọ́n bá rí èèyàn níwájú. Èyí tó gbá Ìyá Ṣọlápé náà rí wọn.

Oyèlẹ́yẹ pè mí láti ọ́fíìsì. Igbákejì mi ni, ọmọ tó gbọ́n ni, ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Ó bi mí pé mélòó, mo ní òdo. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní gbogbo àwọn tó ń gbé Títì Alábàtà ló ti pe ọ́fíìsì wa rí nítorí iná tàbí omi, ohùn wọn wà nípamọ́. Pé ẹ̀rọ lè kó ọ̀rọ̀ wọn jọ, kí ó to ẹ̀rí méje jáde kí aago márùn-ún tó lù, òpó kò sì ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Mi ò parọ́, ó wù mí fún bíi ìgbà tí èèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀kan. Mo wá sọ fún un pé afárá ewúrẹ́ la tún fẹ́ kọ́ yẹn, kó má dán an wò. Ó ní ó dáa, ọ̀gá ni mí. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀ ó tún rántí àga inú àwòrán mi, bí ó ṣe máa ń rántí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Nínú àwòrán mi, títì yóò ga sókè díẹ̀ níbi tí a ti ń sọdá kí àwọn ayọ́bọ̀ lè rọra, àlàfo yóò di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, ibi ìsinmi kan yóò sì wà ní àárín gbùngbùn, pẹ̀lú igi méjì àti àga gígùn kan fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá gbé e sọdá lẹ́ẹ̀kan náà. Lójú Oyèlẹ́yẹ, ta ni yóò jókòó sáàárín títì? Òun ni àwòrán náà yóò sì bọ́ sí lọ́wọ́ bí mo bá fi í sílẹ̀.

Nígbà tí mo ki fóònù bọ àpò, Ìyá Ṣọlápé ń wò mí.

“Ìbídàpọ̀,” ni wọ́n wí, “jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ kan. Bàbá rẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti wá sọ tiwọn?”

Ara mi gbóná láti ọrùn dé etí. Ilé mẹ́tàlélọ́gọ́rin tí mo wọ̀ yẹn, kò sí ilé wa nínú wọn, bẹ́ẹ̀ òun ló dojú kọ òpó gan-an. Gbogbo alẹ́ ni mo ń bá bàbá mi jẹun. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ òjò, mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ ìyọnu Oyèlẹ́yẹ, n kò sì bi wọ́n léèrè rí. Mo wí àwáwí kan fún Ìyá Ṣọlápé, pé ara àgbà kò yá.

Ibi tí a ti ń sọ ọ́ náà ni bàbá mi ti jáde. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni wọ́n, onígbàjámọ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọn kò sì fẹ̀yìn tì tán. Lójoojúmọ́ ní agogo mẹ́rin ààbọ̀, wọn a kó abẹ àti ọṣẹ sínú àpò aláwọ kan, wọn a sọdá lọ fá orí àwọn ọ̀rẹ́ wọn tí kò lè jáde mọ́. Alhaji Múfútáù ni ó kàn lọ́jọ́ náà, iwájú òdìkejì títì ni ilé wọn wà. Ìṣẹ́jú àáyá méjìlélógún ni bàbá mi fi ń sọdá. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé mo máa ń kà á láti ojú fèrèsé, mi ò sì tíì lè mí dáadáa rí kí n tó kà á tán.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní ṣé àwọn èèyàn ti sọ̀rọ̀. Mo ní rárá. Mo wá sọ ọ́ kí ẹ̀rù tó tún bà mí, pé mo fẹ́ kí àwọn gan-an wá sọ tiwọn.

Bàbá mi kò bínú. Wọ́n wo òpó, wọ́n wo èmi.

“Àbẹ̀kẹ́,” ni wọ́n wí, “ṣé kí n fi ẹnu ara mi ṣépè fún ara mi, kí ìwọ sì dúró níbẹ̀ kí o máa gbọ́?”

“Ó ti tán, Bàbá,” ni mo wí.

Inú mi dùn. Ohun tó ń dùn mí títí di òní nìyẹn, pé inú mi dùn gidigidi. Ọkàn mi balẹ̀ bí ọkàn ẹni tí wọ́n sọ fún pé ìwé ẹjọ́ tí wọ́n mú wá kì í ṣe tirẹ̀. Mo ti jókòó fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, tí mo ń wo ìyá oníyàá àti bàbá oníbàbá bí ètè wọn ṣe ń gbọ̀n, tí mo ń ní kí wọ́n tún un sọ. Nígbà tó kan bàbá tèmi, mo dúpẹ́ pé wọ́n kọ̀. Ìtìjú mú mi débi pé n kò lè wo ojú Ìyá Ṣọlápé.

Bàbá mi ti ń rìn lọ sí etí títì. Wọ́n dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àpò wọn, afẹ́fẹ́ àwọn ayọ́bọ̀ ń fẹ́ agbádá wọn sẹ́yìn. Wọ́n jẹ́ kí àlàfo kìíní lọ. Wọ́n jẹ́ kí èkejì lọ. Wọ́n na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, wọ́n tún fà á padà.

Mo yíjú sí òpó. “Yọ orúkọ mi kúrò lára àwòrán Títì Alábàtà.”

“Bí mo bá yọ ọ́, kò ní padà mọ́,” ni òpó wí. “Ọ̀gbẹ́ni Oyèlẹ́yẹ ni yóò jogún rẹ̀. Ohunkóhun tó bá wù ú ló lè yí padà nínú rẹ̀.”

Mo ronú kan àga náà. Mo ronú kan igi méjèèjì, tí mo ti mọ irú tí wọn yóò jẹ́. “Yọ ọ́,” ni mo wí.

“Mo ti yọ ọ́. Ẹ ti di ará àdúgbò lásán.”

“Ó dáa. Èmi Ìbídàpọ̀ Àbẹ̀kẹ́ Gbádégẹṣin. Níbi tí a ti ń sọdá níwájú ilé bàbá mi. Mo lè kú síbẹ̀.”

“Ẹ̀rí kìíní ti wọlé,” ni òpó wí.

Mo gbàgbé pé ẹnu méjì ni òpó ní, ọ̀kan lápá tiwa, ọ̀kan lápá ọ̀hún, àti pé bí a bá sọ̀rọ̀ síbí ó ń dún síbẹ̀. Ohùn mi jáde ní òdìkejì títì kedere. Bàbá mi yí padà. N kò tíì rí wọn kí wọ́n yára bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ìyá mi ti wà láyé. Wọ́n di apá mi mú, ìka wọn sì wọ̀ mí lára.

“Kí ni o sọ?”

“Òótọ́ ni mo sọ, Bàbá.”

“Kí ni o fẹnu rẹ sọ, Àbẹ̀kẹ́?”

N kò lè tún un sọ lójú wọn. Wọ́n ní kí òpó pa á rẹ́. Òpó ní kí bàbá má bínú, ẹni tó sọ ọ́ nìkan ló lè pa á rẹ́. Ìyá Ṣọlápé ti dìde lórí àga. Ṣíjúwadé tó ń fi iná sínú bátìrì ti jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àwọn obìnrin méjì tó ń di irun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ti fi orí ẹni tí wọ́n ń dì sílẹ̀. Bàbá mi wo títì. Mo rò pé wọn yóò lù mí, bí mo tilẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta.

“Kọ tèmi sókè tirẹ̀,” ni wọ́n sọ fún òpó.

“Bí ẹ̀rí bá ṣe wọlé ni mo ń tò ó, Bàbá,” ni òpó wí. “Tiwọn ló kọ́kọ́ dé. Tiyín yóò jẹ́ ìkejì.”

“Irọ́ ni. Èmi ni mo bí i.” Ohùn wọn já. “Nínú irú ìwé tí ẹ kọ yẹn, kò ní ṣíwájú mi. Pa tìrẹ rẹ́, Àbẹ̀kẹ́. Ẹ̀yìn mi ni wàá ti sọ ọ́.”

Mo pa á rẹ́. Bàbá mi gbé àpò wọn lé ilẹ̀, wọ́n ṣí fìlà, bí wọ́n ti ń ṣe bí wọ́n bá fẹ́ bá ọba sọ̀rọ̀. Wọ́n dárúkọ ara wọn, Láògún Àjàní Gbádégẹṣin. Wọ́n dárúkọ ibẹ̀. Wọ́n ní àwọn lè kú síbẹ̀, ní ọjọ́ èyíkéyìí tí àwọn bá ń lọ fá orí ọ̀rẹ́ àwọn, nítorí pé ẹsẹ̀ àwọn kò yá tó àlàfo. Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá ń sọ ibi tí egbò wà ní orí oníbàárà fún un. Mo ń sunkún, n kò sì bò ó mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ohùn kan jáde láti inú òpó, ohùn Alhaji Múfútáù láti òdìkejì. Wọ́n ti ń dúró de abẹ lójú fèrèsé wọn lẹ́bàá ẹnu òpó kejì, wọ́n sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n Láògún, ọdún mélòó ni ẹ fi jù mí?”

“Méje.”

“Ó dáa. Èmi ló kàn, kí ọmọdé kankan má gbà á mọ́ mi lọ́wọ́.”

Wọ́n sì sọ tiwọn láti ibẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, òfin kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, èmi pàápàá kò sì lérò rẹ̀ nínú ọdún mẹ́ta tí mo fi ń yàwòrán. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ àkọ́kọ́ nínú ìwé yẹn, ṣùgbọ́n níwọ̀n bí ìwé ti ṣí, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí àbúrò òun ṣíwájú òun nínú rẹ̀. Ìyá Ṣọlápé ti mí sẹ́yìn, wọ́n ní ibo ni mo ń sáré lọ, ṣé mo bá wọn ṣe ẹgbẹ́ ni. Wọ́n sọ tiwọn látòkè délẹ̀ láìgba ẹ̀mí, wọn kò gbàdúrà kankan sí i, wọ́n wá tutọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn obìnrin onídìrí méjèèjì tẹ̀lé wọn, èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n síwájú. Ìgbà tó ku ẹni méjì, Ṣíjúwadé dá mi dúró, ó ní oṣù mẹ́rin ni òun fi jù mí. Mo ní irọ́ ni, Àǹtí ló ń pè mí láti ìgbà tí a ti mọ ara wa. Ó ní ọ̀wọ̀ nìyẹn, pé ìyá òun sọ fún òun pé wọ́n ti ń wẹ òun nígbà tí wọ́n wá jẹ ìkómọ tèmi. Bàbá mi ní òótọ́ ni. N kò mọ̀ títí di òní bóyá wọ́n rántí tàbí wọ́n kàn fẹ́ kí ẹnì kan sí i wà láàárín èmi àti òkè ìwé náà. Ṣíjúwadé jẹ́ ìkẹfà.

Oòrùn ti fara kan orí páànù ilé Ìyá Ṣọlápé.

“Ó ku ẹyọ kan,” ni òpó wí.

Mo súnmọ́ ọn. Nígbà àkọ́kọ́, inú ló bí mi sí ara mi, ìbínú náà ló ti ọ̀rọ̀ yẹn jáde. Kò sí ìbínú mọ́ báyìí. Bàbá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, èjìká wọn kan tèmi, mo sì dárúkọ ara mi, mo dárúkọ ibẹ̀, ẹnu mi kò sì lè kọjá ibẹ̀. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbọ́ bí Ìyá Ṣọlápé ṣe ń sọ jẹ́jẹ́ pé kí n tún un sọ.

Bàbá mi wò mí. Wọ́n kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n lọ dúró síwájú ògiri ṣọ́ọ̀bù Ṣíjúwadé, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di etí wọn pinpin. Agbádá wọn ká sókè, mo rí i bí apá wọn ti rù tó.

Mo sọ ọ́ nígbà náà. N kò pariwo.

“Méje ti pé,” ni òpó wí.

Afẹ́fẹ́ tó ń gbá aṣọ wa rọlẹ̀; òpó ti ní kí àwọn ayọ́bọ̀ rọra. Mo yíjú sí títì, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí àwọn ayọ́bọ̀ ti dé, mo ń rí ojú àwọn tó jókòó sínú wọn: obìnrin kan tó ń jẹ ẹ̀pà, ọkùnrin kan tó ti sùn, ọmọ kan tó fi ọwọ́ kan gíláàsì. Àwọn náà ń wò wá. Oyèlẹ́yẹ ti ń pe fóònù mi, n kò gbé e.

Mo lọ fọwọ́ kan bàbá mi léjìká. Wọ́n sọ ọwọ́ kúrò létí, wọn kò tíì yíjú sí mi.

“Ṣé o ti sọ ọ́?”

“Mo ti sọ ọ́, Bàbá.”

“Èmi ò gbọ́ nǹkan kan,” ni wọ́n wí. Wọ́n gbé àpò abẹ wọn, wọ́n di ọwọ́ mi mú, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá.